Kí Ẹ Tó Bi Mí Bóyá Akọ Ni Tàbí Abo

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìyàwó kan wá láti Ìgbogbo, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú ọmọ kékeré kan tó di bisikíìtì mú. Oyún ọ̀sẹ̀ 21 ni. Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo tú jẹ́ẹ̀lì sí i níkùn, ó ta gìrì torí pé ó tutù, mo bẹ̀ ẹ́. Kí n tó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, ìyá ọkọ ti dìde lórí àga, wọ́n ti súnmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Àǹtí, akọ ni àbí abo?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún mi. Orí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò."

"Ṣé ó lè má lórí ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mo ti rí i rí.

Láti ọdún 2011 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ síkáànù ní Ìkòròdú. Ní Sábó, "Àǹtí Síkáànù" ni wọ́n ń pè mí, títí kan àwọn ọmọ iléèwé. Nínú gbogbo aláboyún tó ti dùbúlẹ̀ níwájú mi, àwọn tó bi mí léèrè nípa ẹ̀yìn ọmọ kò ju iye tí mo lè fi ìka ọwọ́ mi kà lọ. Akọ tàbí abo ni ìbéèrè tí wọ́n gbé wá látilé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Obìnrin tó ti bí obìnrin mẹ́rin, tí wọ́n ń fojú wò ó nílé ọkọ, mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn nìkan lèmi náà ń dáhùn, ohun tó sì ti ìdí ẹ̀ yọ ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìyá ọmọ tọ́rọ̀ kàn mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ọdún 2012 ni. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mi ò ní sọ orúkọ rẹ̀. Láti aago méje àárọ̀ lèrò ti máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ògiri, ọ̀gá á sì máa yọjú pé, "Ẹ ṣe kíá, èrò pọ̀ níta." Ìṣẹ́jú márùn-ún, bó pẹ́ títí mẹ́fà, lẹnì kan ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Aránṣọ lobìnrin tí mò ń sọ yìí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ó ti wọ oṣù karùn-ún. Ó fi píìnì há etí ìró rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ní kí aláboyún ṣe. Mo rántí píìnì náà torí èmi ni mo bá a yọ ọ́, kó má baà gún un bó ṣe fẹ́ dùbúlẹ̀.

Mo wọn orí ọmọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Mo wọn egungun itan. Mo wo ọkàn rẹ̀, ó ń lù kìkìkì. Ọmọ náà ya ẹsẹ̀, mo rí i pé obìnrin ni, mo sọ fún un, ó pàtẹ́wọ́, ọmọbìnrin ló wù ú. Ohun kan wà tí mo rí lórí ọmọ yẹn o. Lápá iwájú orí, ó fún wọnú lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà téèyàn bá fi ìka méjì fún bọ́ọ̀lù rọ́bà. Mo rò pé ọwọ́ mi ló le jù lórí ikùn ìyá ẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ kúrò. Lórí fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ èsì níbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ láti ilé ìtẹ̀wé wá pé a kò rí àbùkù kankan lára ọmọ. Èmi kàn buwọ́ lù ú ni.

Ó lọ bímọ náà lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí kan lápá Ìjẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló súnmọ́ ilé ìyá rẹ̀, síkáànù sì ti ní kò séwu. Nígbà tí wọ́n da ojú ọmọ dé kí wọ́n lè wẹ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé nǹkan kan wú jáde ní ìbàdí, tó tó àgbálùmọ̀ kékeré. Awọ tó bò ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin adìyẹ, omi ń sun lára rẹ̀. Wọ́n fi àdí pa á, wọ́n fi aṣọ dì í. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ara ọmọ ti gbóná bí iná, kò mu ọyàn mọ́.

Ọkọ rẹ̀ wá bá mi. Kò pariwo. Ó yọ ìwé èsì síkáànù láti inú àpò ṣòkòtò, ó ti ká a kéékèèké débi pé ojú ibi tó ká sí ti fẹ́ẹ̀ ya. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó tọ́ka sí ìlà tí wọ́n tẹ̀ látilé ìtẹ̀wé yẹn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ka ibí yìí."

Mo kà á.

Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó jáde.

Ọmọ náà yè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ kejì, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú orí rẹ̀ tó ń gba abẹ́ awọ fa omi ọpọlọ lọ sínú ikùn. Ó ti wọ iléèwé girama báyìí. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé e rìn, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìtọ̀ kì í dá wá fún un, rọ́bà ni wọ́n fi ń fà á jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀ nísinsìnyí.

Ó tó ọdún kan kí n tó lè lọ kí wọn nílé. Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọmọ ní kí n dìde. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbé kiri títí dòní: "Àǹtí, mo mọ̀ pé síkáànù kì í woni sàn. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti mọ̀ ni, mi ò ní bímọ síbi tí mo bí i sí."

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Ká ní mo ti sọ fún un ní oṣù karùn-ún, ó ṣì ní oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin láti lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà, láti kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, láti mọ ọ̀nà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀, aṣọ mímọ́ tí wọ́n fi omi iyọ̀ ọsibítù rẹ ni wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á da ojú rẹ̀ dé, wọn ò ní fi òróró kankan kàn án, wọ́n á sì gbìyànjú láti pa ojú ọgbẹ́ yẹn dé láàárín wákàtí 72. Bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé, ó lè dé inú ọpọlọ. Láti Ìjẹ̀dẹ̀ dé ọsibítù ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Mile 12 ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ bá mi rò ó: ọmọ ọjọ́ mẹ́rin, nínú oòrùn, nínú dánfó.

Èyí tó tún dùn mí ju ti fọ́ọ̀mù lọ ni ohun tí ojú obìnrin yẹn rí nílé. Wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, pé ó tú píìnì kúrò láṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀yìn ọmọ ṣe ń di ẹ̀yìn, kí ẹ lè rí i bí ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un ṣe jìnnà sí òtítọ́ tó.

Ọpọlọ àti okùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, pẹlẹbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rí, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Etí ẹní náà lọ́tùn-ún lósì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, á ká bọ̀ sáàárín, á wá pàdé ara wọn, á lẹ̀ pọ̀, á di ihò gbọọrọ kan. Bí òkè kò bá lẹ̀, agbárí kò ní bo ọpọlọ. Bí ìsàlẹ̀ kò bá lẹ̀, ẹ̀yìn á là sílẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spina bifida. Ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró ni gbogbo rẹ̀ máa ń parí. Ọjọ́ 28! Nǹkan oṣù tó pẹ́ lọ́wọ́ obìnrin ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kò tíì sọ fún ọkọ. Òun gan-an lè máa rò pé ibà ló ń ṣe òun. Píìnì ò tíì dé etí ìró rẹ̀ kí ẹ̀yìn ọmọ tó pa dé tàbí kó má pa dé.

Ìdí nìyẹn tí oògùn fólíìkì (folic acid) tí wọ́n ń fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba káàdì fi máa ń pẹ́ jù fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú, oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún la tó ń lọ gba káàdì. Fólíìkì ìgbà yẹn wúlò fún ẹ̀jẹ̀, ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ọmọ ti lọ. Kí obìnrin tó lóyún rárá ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, ìwọ̀n mìlígíráàmù 0.4 lójúmọ́, títí oyún á fi tó ọ̀sẹ̀ 12. Lọ́dún 1991, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ yìí rí: àwọn tó lo mìlígíráàmù 4 lójúmọ́ kí wọ́n tó tún lóyún, ewu pé kó tún ṣẹlẹ̀ fi ìdá 72 nínú 100 dín kù. Àbí ẹ rí i? Oògùn ni, ó sì kéré lówó, a ń tà á ní gbogbo ilé oògùn láti Ọ̀gọ́lọ́ǹtò títí dé Èbúté. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní irú rẹ̀ nínú, ẹ máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n rọ́pò oògùn náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní valproate, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó lọ rí dókítà kó tó lóyún, torí ewu tirẹ̀ ga ju tàwọn yòókù lọ. Kó má dá oògùn wárápá dúró fúnra rẹ̀ o, ìyẹn náà léwu.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ní kí n ka ìwé, mo lọ wá ẹni tó máa kọ́ mi. Dókítà àgbà kan ni, mo máa ń lọ jókòó tì í ní gbogbo Sátidé, láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ tí mo rò pé ọwọ́ mi ló le, ó lórúkọ. Lọ́dún 1986 ni dókítà Kypros Nicolaides àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ ọ́ síta pé ọmọ inú tí ẹ̀yìn rẹ̀ là, iwájú orí rẹ̀ sábà máa ń fún wọnú tí orí á fi rí bí lẹ́mọ́ọ̀nù, ọpọlọ kékeré tó wà lápá ẹ̀yìn orí á sì tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún 26 kó tó wá dúró níwájú mi. Lọ́jọ́ tó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, mi ò lè jẹun alẹ́.

Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Omi kan wà tó yí ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn ká. Bí ẹ̀yìn bá là, omi náà á máa gba ibẹ̀ jò, á wá máa fa ọpọlọ sísàlẹ̀, bí ẹni ń fa aṣọ gba ojú ihò. Egungun iwájú orí tó ṣì rọ̀ á wọnú. Ẹ̀yìn ni nǹkan ti bàjẹ́, orí ló ti ń ké síni. Tó bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ 24, ìrísí lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn máa ń pòórá lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ọ̀sẹ̀ 18 sí 22. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ kó tó wá, mo lè sọ ibi tí orí ọmọ dojú kọ fún un àti bí omi ọmọ ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ á ti sá fún mi.

Báyìí, bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Mo máa ń wá ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn orí yẹn. Tó bá dára, ó máa ń rí bí ẹ̀pà tí kò tíì kúrò nínú èèpo, èyí tó ní ọmọ méjì, tó fún láàárín. Ní ìdajì oyún, ìbú rẹ̀ ní mìlímítà máa ń súnmọ́ iye ọ̀sẹ̀ oyún: ọ̀sẹ̀ 21, nǹkan bíi mìlímítà 21. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wọn yàrá tí omi ń gbé nínú ọpọlọ. Láti oṣù kẹrin títí dọjọ́ ìbí, kò yẹ kó tó mìlímítà 10. Bó bá ti ju 15 lọ, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo tó dé ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù. Bí mo bá dábùú ọwọ́ ẹ̀rọ sórí ẹ̀yìn ọmọ, egungun kọ̀ọ̀kan á yọ bí ojú funfun mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, wọ́n á kọjú síra wọn bí ààrò mẹ́ta, okùn ẹ̀yìn á sì wà láàárín wọn bí ìkòkò ọbẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Níbi tí ẹ̀yìn bá ti là, méjì ẹ̀yìn yẹn á ya kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á ṣí síta bí fèrèsé onípákó méjì tí atẹ́gùn ṣí. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, mo máa ń ní kí ìyá dìde, kó lọ rìn yíká títí dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, kó padà wá. Ọmọ á yí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta máa ń bínú sí mi pé mo ń pẹ́. Mo gba ìbínú wọn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo bá rí ló ń dẹ́rù bani. Lọ́dún tó kọjá, yàrá omi ọmọ kan jẹ́ mìlímítà 11. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu báyìí, ọkọ ti yọ fóònù, ó ti fẹ́ pe pásítọ̀ rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbọ́ mi tán. Ọmọ tí tirẹ̀ bá wà láàárín 10 sí 12, tí a ò rí nǹkan mìíràn tó ṣe é, ó ju 90 nínú 100 wọn tó ń dàgbà bí ẹgbẹ́ wọn. Mo kọ ìwé sí dókítà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò bóyá kòkòrò kan ló wọlé. Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di 9. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ka ìwé èsì ní òru, tí wọ́n á lọ máa wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oorun ò ní kùn wọ́n mọ́. Ẹ mú ìwé yẹn padà tọ ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ẹ ní kó ṣàlàyé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Ó sì wà tí kò ní padà dára. Obìnrin tó ní oyún ọ̀sẹ̀ 13, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo rí ojú, mo rí ẹsẹ̀ tó ń ta, mi ò rí egungun kankan lókè ojú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo fi tíṣù nu ikùn rẹ̀, mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lanu. Kò gbà mí gbọ́, kò sì yẹ kó gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó lọ síbòmíràn kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi méjì ló lọ. Nígbà tó padà wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wá: kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti gbé òun ṣubú ní Ìta-Ẹlẹ́wà nígbà tí oyún ṣì kéré, ṣé ìyẹn ló fà á? Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nílé ló ti sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ni.

Àwọn kan ń sá fún síkáànù torí wọ́n gbọ́ pé ó ń jó ọmọ nínú. Ohùn ni o, ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Ó ń lọ, ó ń kan ara ọmọ, ó ń padà wá, ẹ̀rọ sì ń fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ya àwòrán. Kì í ṣe X-ray. Bàbá mi tó jẹ́ jórinjórin ní Odógunyàn ló yára yé jù lọ nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé Ian Donald, dókítà àwọn aláboyún ní Glasgow, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán nínú ló kọ́kọ́ fi dán an wò, kó tó wá kọ ọ́ jáde lọ́dún 1958. Bàbá mi ní, "Òótọ́ ni. Irin lè dán lójú kó ti sán nínú. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, á gbẹ́rù lé e."

Àwọn ìyá máa ń bi mí pé ṣé kò sí àtúnṣe tí wọ́n lè ṣe nígbà tó ṣì wà nínú. Wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ èsì jáde pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá pa ẹ̀yìn wọn dé nínú ilé ọmọ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 26, 40 nínú 100 ló nílò rọ́bà tó ń fa omi orí kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ti àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìbí jẹ́ 82. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa kò tó ìyẹn. Èyí tó súnmọ́ wa, tó sì dùn mọ́ mi, ni ti Mbale ní Uganda, níbi tí Benjamin Warf, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lànà fún omi nínú ọpọlọ àwọn ọmọ ọwọ́, kí ọ̀pọ̀ wọn lè bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà tó máa ń dí nígbà tí ọsibítù bá jìnnà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oyún, tàbí tí ìyàwó yín, ọmọ yín, àbúrò yín ní oyún: bó bá ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ẹ lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é pé, "Ẹ bá mi wo orí àti ẹ̀yìn ọmọ dáadáa." Bó bá ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ béèrè bóyá ó rí egungun ẹ̀yìn látòkè délẹ̀. Bí kò bá rí i, kò burú, ọmọ lè dùbúlẹ̀ sódì; kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò rí i, kí ẹ padà wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní ìwé tí wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀.

Ìyàwó tó wá láti Ìgbogbo, ọmọ rẹ̀ dára láti orí dé ìdí. Ọkùnrin ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ojú títì.

Aránṣọ yẹn tún lóyún lọ́dún 2016. Oṣù mẹ́ta kó tó lóyún ló ti ń lo fólíìkì mìlígíráàmù 4 tí dókítà kọ fún un. Ilé síkáànù pọ̀ ní Ìkòròdú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má fẹ́ rí ojú mi mọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ló wá, lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀sẹ̀ 12 àti ọ̀sẹ̀ 20. Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì, ọkọ rẹ̀ bá a wá, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọbìnrin àkọ́bí wọn lọ́wọ́. Mo tilẹ̀kùn mọ́ èrò. Mo wo orí, ó yípo dáadáa, kò fún níbì kankan. Mo rí ẹ̀pà ọlọ́mọ méjì yẹn níbi tó yẹ kó wà. Mo dé ẹ̀yìn, mo yí ojú tẹlifíṣọ̀n sí i, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, mo ń fi ìka tọ́ ọ, ààrò mẹ́ta, ààrò mẹ́ta, títí mo fi dé ìdí. Kò bi mí bóyá akọ ni tàbí abo. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ padà sókè. Ẹ tún un kà."

Mo padà sí ọrùn, mo tún un kà.